Ẹsẹ̀ Ìyá Happiness

"Pẹ̀lúmi, gbé abọ́ yẹn sún mọ́ mi. Kí ló dé tó o fi ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?"

Pẹ̀lúmi gbé abọ́ omi iyọ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yíjú padà. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ ń rọra tú báńdéèjì kúrò lẹ́sẹ̀ Ìyá Happiness, ó ń fi omi rẹ ibi tó ti lẹ̀ mọ́ ara. Bó ṣe tú èyí tó kẹ́yìn báyìí ni òórùn náà dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe òórùn téèyàn ń fọwọ́ bo imú fún, torí pé bí imú bá dí, ẹnu ló máa gbà wọlé. Ọgbẹ́ náà wà ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ife, etí rẹ̀ funfun, ọyún sì ń sun jáde láàárín rẹ̀. Pẹ̀lúmi tẹjú mọ́ ògiri.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," Ìyá Happiness wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Àtọ̀gbẹ ò dáa. Ìwọ ṣáà máa wo ògiri, kò burú."

Èyí tó wá burú jù ni pé Ìyá Happiness kì í jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, ó bó ọsàn mẹ́ta, ó na ọ̀kan sí Pẹ̀lúmi. Òótọ́ ni pé ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ojú Pẹ̀lúmi ò rí ọṣẹ, ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí. Ìyá rẹ̀ ti gé orí tirẹ̀, ó ń mu ún, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ. Pẹ̀lúmi ní òun á mu tòun lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀gùn, ó ju ọsàn náà sínú gọ́tà, ó sì ń nu ọwọ́ mọ́ ara aṣọ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Oṣù kẹjọ ni oṣù àbẹ̀wò nílé wọn ní Egan. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, kì í ráyè àfi bí ọlidé gígùn bá dé. Ọ̀rẹ́ méjì ló máa ń bẹ̀ wò, àwọn tí wọ́n jọ gbé ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá ní Akowonjo nígbà ọ̀dọ́. Ọ̀kan ni Ìyá Hamdalah, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta bàtà. Pẹ̀lúmi fẹ́ràn ilé tirẹ̀: tẹlifíṣọ̀n gbàgìdì wà níbẹ̀, Hamdalah sì jẹ́ ojúgbà rẹ̀. Ìyá Happiness ni ìkejì. Télọ̀ ni. Òun ló ń rán sùtánà fún ìjọ aláṣọ funfun wọn, òun ló sì rán èyí tí Pẹ̀lúmi kọ́kọ́ wọ̀ láyé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Happiness ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ti lọ́kọ sí Wárí. Láti ìgbà tí ọgbẹ́ ti mú un lẹ́sẹ̀, kò lè tẹ máṣíìnì mọ́. Bí ilé-ìwé bá wọlé, àwọn ìyá ìjọ ló ń pín fífọ ẹsẹ̀ náà ṣe láàárín ara wọn. Bí ọlidé bá dé, Ìyá Pẹ̀lúmi á gbà á lọ́wọ́ wọn: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Sátidé. Pẹ̀lúmi ló sì ń gbé abọ́.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, àwọn akọrin kóra jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pẹ̀lúmi ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ.

"Kí ló ń rùn báyìí?" Promise béèrè, ó sún imú kì. "Pẹ̀lúmi, ṣé ẹsẹ̀ yẹn lo tún lọ fọ̀?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Goodluck tó ń ta jìtá gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dun Pẹ̀lúmi jù. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, Promise bá a níbi ẹ̀rọ omi.

"Má bínú jàre, eré ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ò sọ fún mọ́mì ẹ pé o ò lọ mọ́?"

"Mo ti sọ. Wọ́n ní ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Ta wá ni wọ́n ń gbọ́ tiẹ̀?"

"Ẹ̀mí nìkan. Bí Ẹ̀mí ò bá tíì sọ ọ́, mọ́mì mi ò lè pààrọ̀ kọ́tìnnì."

"Kí Ẹ̀mí sọ ọ́ nìyẹn ṣá," Promise wí, ó gbé korobá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí Pẹ̀lúmi. Ní ìjọ wọn, bí Ẹ̀mí bá gbé èèyàn, ohun tó bá sọ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìran, wọ́n á sì kà á fún ẹni tó kàn lẹ́yìn ìsìn. Ìran ló kó ilé wọn kúrò ní Ìgàndo. Ìran ló ní kí bàbá rẹ̀ fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Bàbá Olúsànyà, olùṣọ́ àgùntàn wọn, máa ń dán ìran wò kó tó gbà á, ṣùgbọ́n bàbá ti lọ sí Ìbàdàn, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dé. Pẹ̀lúmi rò ó ní Sọ́ńdè, ó rò ó ní Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún gbé abọ́, omi ọgbẹ́ sì ta sí i lọ́wọ́. Kò rò ó mọ́, ó ti pinnu.

Ní ìsìn Ọjọ́rú, láàárín orin, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó ti wò ó lára àwọn àgbà látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ó ṣubú. Wọ́n dá orin dúró.

"Báyìí ni Olúwa wí," ó ní, ó fa ohùn nílẹ̀. "Ìwọ ìránṣẹ́bìnrin mi tó ń fọ ẹsẹ̀, má wọ yàrá yẹn mọ́. Ohun tó ń jẹ ẹsẹ̀ yẹn ń wá ẹni tó máa tẹ̀ lé délé."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Stephen tó ń kọ ìran kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ́n omi sí Pẹ̀lúmi lójú tó sì díbọ́n bí ẹni jí, orí ìkúnlẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ayọ̀ pé Ẹ̀mí bà lé ọmọ òun wà níbẹ̀, ìbànújẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

"Olúwa, mo gbọ́," ìyá rẹ̀ wí. "Mi ò ní lọ mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá já bọ́, kì í ṣeé kó. Nígbà tó fi máa di Sọ́ńdè, ìran Pẹ̀lúmi ti hu ìyẹ́. Ìyá ìjọ kan ní òun ti fura tipẹ́, òun kàn dákẹ́ ni. Òmíràn ní ọgbẹ́ wo ni kì í jinná láti ọdún mélòó kan. Ẹ̀kẹta ní kí gbogbo ẹni tí obìnrin náà bá rán sùtánà fún yáa lọ gbà á ládùúrà. Ẹnu tí wọ́n fi mu ọsàn rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tún ya Ìjẹ̀gùn.

Ara kọ́kọ́ tu Pẹ̀lúmi. Lọ́jọ́bọ̀, fóònù ìyá rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ìyá Happiness ni. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó na ọwọ́, ó fa ọwọ́ padà, ó dojú fóònù dé. Ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Lọ́jọ́ kejì ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìyá Pẹ̀lúmi gbààwẹ̀, ó tan àbẹ́là, ó ń sunkún lórí Sáàmù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fóònù ò dún mọ́, ìyẹn ló sì wá ń ba Pẹ̀lúmi lẹ́rù.

Ní Sátidé kejì lẹ́yìn ìran náà, wọ́n lọ sí Akowonjo. Hamdalah tan tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ̀ gbé ẹran dídín kalẹ̀.

"Ìyá Happiness ńkọ́?" Ìyá Hamdalah béèrè. "Mo pè é, kò wọlé."

"Wọ́n ní kí n má lọ síbẹ̀ mọ́," Ìyá Pẹ̀lúmi dáhùn, ó ń wo ilẹ̀.

"Àwọn wo?"

Ìyá Pẹ̀lúmi ń fa etí gèlè rẹ̀. Ẹran wà lẹ́nu Pẹ̀lúmi, kò lè gbé e mì, kò sì lè tu ú.

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni Ìyá Hamdalah já wọlé wọn ní Egan. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wọlé tí kò kí èèyàn, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

"Ìdin ni mo bá lẹ́sẹ̀ Ìyá Happiness," ó ní. "Ìyá Pẹ̀lúmi, ìdin. Báńdéèjì tó o dì gbẹ̀yìn náà ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni àwọn alájọgbé ti ń ti oúnjẹ sí i bí ẹni ń bọ́ ajá, wọ́n ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ní kí èèyàn má wọlé. Mo ti gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní a tètè gbé e wá ni..."

Ìyá Pẹ̀lúmi dìde, ó tún jókòó.

"Ẹ̀mí ló ní kí n má lọ," ó ní. "Ìyá Hamdalah, o mọ̀ mí. Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò mọ Ẹ̀mí tiyín. Àmọ́ ẹ̀sìn tiwa ní ká bẹ aláìsàn wò, tiyín náà sì ní bẹ́ẹ̀, ìwọ fúnra ẹ lo kà á sí mi létí ní Akowonjo. Ẹ̀mí wo ló wá yí ohùn padà? Ẹnu ta ló gbà sọ̀rọ̀?"

Ìyá Pẹ̀lúmi yíjú sí ọmọ rẹ̀. Kò fura, ẹ gbọ́ ná, kò fura rárá. Ṣe ló ń wò ó bí ẹni tó máa jẹ́rìí gbè é. Pẹ̀lúmi lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ó rántí ìdin, ó wá rí i pé kì í ṣe Ìyá Happiness ló ń kó òun nírìíra lọ́tẹ̀ yìí.

"Irọ́ ni, mà," ó ní, ó kúnlẹ̀. "Mi ò rí ìran kankan. Òórùn ẹsẹ̀ wọn ló ń rí mi lára. Àwọn Promise ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dẹ́kun lílọ ni."

Ó ń retí ìgbájú. Ìgbájú ìbá sàn. Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́, ó sì fa aṣọ rẹ̀ kúrò níbi tí ọwọ́ Pẹ̀lúmi ti kàn án, bí Pẹ̀lúmi ṣe máa ń fa ti ara rẹ̀ kúrò lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Ìyá Happiness.

"Ẹsẹ̀ tó ń rùn, omi iyọ̀ ni mo fi ń fọ̀ ọ́," ìyá rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Kí ni mo fẹ́ fi fọ ẹnu tìẹ?"

Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ọrùn ẹsẹ̀. Nígbà tí Pẹ̀lúmi lọ kúnlẹ̀ ní ọsibítù, Ìyá Happiness kọjú sí ògiri. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, ògiri náà ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Bàbá Olúsànyà dé, ó mú Pẹ̀lúmi dúró níwájú ìjọ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Stephen fi báírò pupa fa ìlà gba orí ìran náà. Àwọn ìyá tó ti fura tipẹ́ ló kọ́kọ́ pòṣé, wọ́n ní ọmọ ìsinyìí ò bẹ̀rù Ọlọ́run. Bàbá Olúsànyà wò wọ́n.

"Ọmọ yìí pa irọ́ ẹ̀ẹ̀kan," ó ní. "Ẹ̀yin wá fi tiyín kún un. Ta ló gbé yín tí ẹ̀yin fi rí ìran tiyín?"

Àwọn ìyá náà tẹ orí ba. Promise ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n yọ Pẹ̀lúmi kúrò nínú akọrin, ìyá rẹ̀ ò sì bẹ̀bẹ̀ fún un.

Pálọ̀ wọn ni Ìyá Happiness ń gbé báyìí. Lẹ́yìn ilé-ìwé, Pẹ̀lúmi ló ń tú báńdéèjì, òun ló ń fi omi iyọ̀ fọ ibi tí wọ́n gé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni obìnrin náà fi ń wo ògiri. Lọ́jọ́ kan ó yíjú padà.

"Ṣé ó ń rùn?" ó béèrè.

Pẹ̀lúmi gbé ojú sókè. "Ó ń rùn, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Òótọ́ kan nìyẹn." Ó gbé ara sókè díẹ̀. "Bá mi mú ọsàn àti ọ̀bẹ wá."

Ó bó ọ̀kan, ó nà án sí i. Pẹ̀lúmi lọ fọ ọwọ́ ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì mu ún níbẹ̀ lójú rẹ̀. Ọsàn náà kan díẹ̀. Ó mu ún tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọgbẹ́ a máa rùn, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí imú gbọ́ ọ. Ohun ìríra ni kéèyàn gbé orúkọ Ọlọ́run bo ohun tí kò wu òun ṣe, torí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́. Wọ́n ti dárí ji Pẹ̀lúmi, ó sì ti ronú pìwà dà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé kì í hù.