Òkúta Tí Kò Gbẹ

Òkúta náà kọ̀, kò gbẹ. Inú ihò àpáta ni wọ́n ti gé e, wọ́n sì ti sá a sóòrùn dáadáa kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ wa. Síbẹ̀, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ṣílẹ̀kùn, orí tábìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ti tutù. Mo máa ń fi aṣọ nù ún. Tó bá fi máa di ọ̀sán, á tún ti làágùn.

“Àárò ilé ló ń sọ ọ́,” ni Dókítà Eyín wí.

Kì í ṣe dókítà rárá o. Òun ló ń bá wa lu òkúta, ẹ̀rọ tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò ló sì fi ń lù ú, torí pé ìyẹ̀fun tí a nílò kò ju ohun tí èékánná lè bù lọ. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń yẹ ìyẹ̀fun náà wò. Ìyá Ẹ̀rọ ló ń pè mí.

Iṣẹ́ wa kò ṣòroó ṣàlàyé. Òjò á rọ̀ sórí òkè, omi rẹ̀ á wọlẹ̀, á máa kán tó, tó, tó sínú ihò àpáta. Ibi tó ń kán sí á máa hu òkúta díẹ̀díẹ̀, ìpele lórí ìpele, bíi ti àlùbọ́sà. Omi tí ojú wa rí bí ohun kan ṣoṣo, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́ ló dàpọ̀ síbẹ̀. Lọ́dún ọ̀dá, èyí tó wúwo á pọ̀. Lọ́dún tí òjò bá ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, èyí tó fúyẹ́ á borí. Òkúta á wá tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú. Bí a ṣe ń mọ irú òjò tó rọ̀ nìyẹn, kódà kí a tó bí ẹni tó lè ròyìn rẹ̀.

Òkè tí wọ́n ti gbé òkúta yìí wá, mo mọ̀ ọ́n. A máa ń rí i láti ojú fèrèsé ilé tí wọ́n bí mi sí.

“Ẹ bá mi lu ibí yìí,” mo ní fún Dókítà Eyín, mo sì fọwọ́ sí ìpele kan lápá òkè.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Òjò tó pọ̀ jù.”

“A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló sọ fún ọ?”

“Ojú mi ló ṣe.”

Ọdún yẹn ni ìyá mi jáde nílé. Alágbàfọ̀ ni wọ́n. Aṣọ funfun máa ń kún àgbàlá wa láti ògiri dé ògiri, òórùn sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná sì ni òórùn ilé wa. Èmi á máa sáré láàárín àwọn aṣọ náà, Màmá á máa pariwo pé, “Ọwọ́ rẹ o! Gbé ọwọ́ rẹ sókè!” Òjò dá díẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kó aṣọ lọ́dọ̀ oníbàárà kan lẹ́yìn òkè. Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Wọn ò padà wá. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí òun náà kò ju ọmọdé lọ, ló tọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà nínú ilé náà títí dòní. Òrùlé ẹ̀yìn ti wó, èyí tó kù ń ké bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó kó jáde. Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún wọn: “Bí Màmá bá dé tí wọn ò bá ẹnì kankan nílé ń kọ́?” Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá, ohun tí mo lè sọ fún un tó máa gbé e jáde kí ilé náà tó wó lù ú.

Dókítà Eyín tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pa á.

“Ta ló ń lọ aṣọ níbí?”

“Kò sẹ́ni tó ń lọ aṣọ.”

Ó yọ ìbòmú rẹ̀. “Sítáàṣì ni mò ń gbọ́ yìí. Ìwọ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?”

Mo gbọ́ ọ. Omijé ti dé ojú mi.

Gbogbo ohun tí omi bá gbà kọjá ló ń fi àmì sí i lára, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá mu omi náà, àmì yẹn á wọ egungun àti eyín rẹ̀. Nísàlẹ̀ ìpele tí mo ní kí wọ́n lù, àmì òkè nìkan la rí. Láti ìpele náà lọ sókè, àmì mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn.

“Ìdọ̀tí ni,” ni ọ̀gá wa obìnrin wí. “Ẹnìkan nínú yín ló fọwọ́ kàn án.”

Ní yàrá iṣẹ́ wa, ẹni tó bá yọ eyín kì í sọ ọ́ nù. A máa ń kó o pa mọ́, kí a lè mọ àmì ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá yẹ àmì eyín wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè.

“Ìwọ ni.”

“Ọ̀gá, mi ò fọwọ́ kàn án.”

“Àmì kànga tó o mu dàgbà ló wà nínú òkúta yìí. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, ká tún un ṣe.”

Nígbà tó jáde, Dókítà Eyín sún mọ́ mi. “Èmi ni mo lù ú,” ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ìwọ ò débẹ̀.”

“Ẹlòmíràn wà tó mu nínú kànga wa.”

Ó mọ ìtàn ìyá mi, ó sì lóye. “Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀rọ, egungun a máa jẹrà. Ó yẹ kí àmì ẹ̀ máa dín kù ni. Èyí ń pọ̀ sí i bó ṣe ń bọ̀ lókè, lọ́dọọdún. Àfi bí ẹni tó ń sún mọ́ni.”

Ọ̀sán ni mo dé ilé tí wọ́n bí mi sí. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní yàrá iwájú, ó na ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí.

“Àǹtí mi, mo ti mọ ibi tí Màmá wà.”

Kò mira. “Níbo?”

“Abẹ́ òkè. Láti ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ ló ya mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.” Mo ṣàlàyé òkúta, kànga àti eyín fún un. “Wọn ò ní padà wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Igi àjà ké lókè orí wa.

“Àmì tó o wí yẹn, ṣé ó ń dín kù?”

Irọ́ wà lẹ́nu mi. Kò jáde.

“Rárá, mà. Ó ń pọ̀ sí i ni.”

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, òun tí wọ́n máa ń fà dìde. “Bàtà mi dà?”

Mo dúpẹ́ nínú mi, mo sáré gbé báàgì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde, ó kọjá lára mọ́tò.

“Àǹtí mi, ibí ni mọ́tò wà.”

“Àdúgbò ti yí padà. Wọn ò ní dá ilé mọ̀. Jẹ́ ká lọ pàdé wọn lọ́nà.”

Oòrùn ń mú. Ó ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀ lé e, mò ń bẹ̀ ẹ́. Níbi tí ilé ti tán tí ọ̀nà òkè ti bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, mà.”

Kò sí ẹnì kankan lójú ọ̀nà. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré wa. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà.

“Wọ́n ń bi mí,” ó ní jẹ́ẹ́, “pé ọmọ kékeré tí àwọn fi sílẹ̀ fún mi dà?”

“Ẹ sọ fún wọn pé èmi nìyí.”

“Mo ti sọ. Èmi tí mi ò kúrò nílé ni wọ́n dá mọ̀, wọn ò gbà pé ìwọ ni. Wọ́n ní ìyá àgbà wo ni mo mú wá bá àwọn yìí.” Ó di etí aṣọ mi mú. “Sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹ.”

Ọmọge ṣì ni ìyá mi lójú ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde. Èmi ti hu ewú. Mo la ẹnu, mo pe, “Màmá.” Ohùn àgbàlagbà ló jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí. Ó mi orí. Ojú rẹ̀ rọra ń tẹ̀ lé nǹkan kan tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí ó fi ń wo ẹ̀yìn mi.

“Wọ́n ti kọjá,” ó ní. “Wọ́n ní àwọn á lọ wá ọmọ àwọn nínú ilé.”

Ó dìde, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì sáré tẹ̀ lé wọn.