Amọ̀ Nínú Bátìrì Kọ̀ǹpútà

Gideon, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ la ikùn bátìrì náà, ni amọ̀ gbígbẹ bá tú dà sórí tábìlì rẹ̀ ní Ìlaròó. Amọ̀ o! Nínú bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká! Olè tó ṣe é yìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ń jalè, òun ń mọlé.

Tíṣà Ìdùnnúolúwa láti Jọ́gà-Orílé káwọ́ lérí. Bátìrì yìí ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá, láàárín ìdánwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ì bá sọ ọ́ di olùkọ́ pátápátá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló lò. Wọ́n ní kó tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan yẹn ló kù. Iná ìjọba kò sì sí ní Jọ́gà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Àǹtí, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi rà á?"

"Mo gbé e wò. Ó wúwo dáadáa."

"Ṣé iṣu lẹ fẹ́ rà ni? Bátìrì àtijọ́, oníníkẹ́ẹ̀lì, ló ń wúwo bí ọmọ odó, síbẹ̀ kì í lò tó wákàtí méjì. Nígbà tí lítíọ́ọ̀mù dé, ó fúyẹ́, ó sì ń pẹ́. Bátìrì kọ̀ǹpútà, bó ṣe ń gbọ́n sí i ló ń fúyẹ́ sí i. Ta ló tà á fún yín?"

"Músíyè ni."

Ta ni kò mọ Músíyè? Dígí dúdú lójú, "bọ́njúù" lẹ́nu, bí ẹni pé Faransé ló bí i. Kútọnu ló ní òun ti ń kó ọjà, tí òun ń gbé e gba Ẹ̀gùá wọlé.

Màmá Àṣìkẹ́, ìyá Gideon, amọ̀kòkò ará Ìdógò tó wá kí ọmọ rẹ̀, mú ègé kan. Ó fi ìka rún un, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Kútọnu wo? Amọ̀ kòtò wa nìyí! Ibòmíràn wo lamọ̀ ti ń dán yinrinyinrin báyìí?"

Obìnrin nìkan ló ń wa amọ̀ nínú kòtò yẹn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ẹ, àfi kó dọ̀bálẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ àwọn àgbà amọ̀kòkò. Ẹnì kan ṣoṣo, onídígí dúdú kan, ló ń dọ̀bálẹ̀ lọ́dún yìí, gbogbo Ọjọ́rú. Ó ní òun fẹ́ fi tún ààrò ìyá òun ṣe.

Wọ́n fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, Ìnsípẹ́kítọ̀ Mẹ̀dínátù sì kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Músíyè lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Músíyè rí aṣọ dúdú lókèèrè, ó fò sórí ọ̀kadà, ó sá lọ, bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi sílẹ̀. Kò bà wọ́n nínú jẹ́. Ọ̀la ni Ọjọ́rú, òmùgọ̀ náà kò sì mọ̀ pé wọ́n mọ kòtò.

Lọ́jọ́ kejì, ó yọ sí kòtò bí oòrùn ṣe ń mú. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ, ó wọ inú kòtò. Bó ṣe rí ọlọ́pàá létí kòtò, ó fẹ́ sá. Amọ̀ tútù gbà á dé itan.

"Kí lorúkọ rẹ?" Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Músíyè."

"Èyí tí ìyá rẹ sọ ọ́."

"Nàfíù."

"Kí lò ń fi amọ̀ ṣe?"

"Ààrò màmá mi ni."

"Irọ́!" Màmá Àṣìkẹ́ pariwo. "Gáàsì ni ìyá ẹ fi ń dáná, mo mọ̀ ọ́n!"

Àwọn obìnrin bá bọ́ sórin:

*Músíyè, bátìrì rẹ dà?*
*Ṣé ó wúwo? Ó wúwo!*
*Ṣé ó ń dán dáadáa? Ó ń dán!*
*Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Rárá o!*

Ojú Nàfíù pọ́n. "Ẹ̀yin náà lẹ fà á! Ojúlówó ni mo kọ́kọ́ ń tà. Gbogbo yín ń gbé e wò, ẹ̀ ń sọ pé ó fúyẹ́, ayédèrú ni. Kò sẹ́ni tó rà á. Ni mo bá ń ṣa èyí tó ti kú lórí ààtàn, mo ń rọ amọ̀ sí i, ẹ sì ń rà á wàràwàrà!"

"Ojúlówó yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi. Páálí méjì."

Wọ́n fà á yọ bí ẹni fa gbòǹgbò gbágùúdá, wọ́n dì í lọ́wọ́. Àwọn tí Nàfíù ti rẹ́ jẹ ń bọ̀ wá gba ojúlówó ní àgọ́ ọlọ́pàá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdùnnúolúwa gba tirẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, ojú rẹ̀ yí padà.

"Gideon, ṣé kò fúyẹ́ jù báyìí?"

"Àǹtí! Ẹ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta gbáko nínú ilé tí kò níná, kò gbójú sókè. Nígbà tó dáhùn ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó wo igun kọ̀ǹpútà: bátìrì ṣì ku ìdajì.