Ìràwọ̀ Ẹ̀yìn Orúkọ

Ọjọ́ tí akọ̀wé kọ́kọ́ pàdé oníjígí, kò rí ju aṣọ aláwọ̀ ọsàn kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn káńtà. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló jókòó lé awò ojú ara rẹ̀ lórí àga níbi iṣẹ́, gbogbo ayé sì di kùrukùru fún un. Ó táràrà wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú, ó tẹríba fún ẹ̀wù kan tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Ẹ̀wù mi lẹ kí yẹn," ni aṣọ ọsàn dáhùn. "Ó ní kí n bá òun jẹ́ ẹ. Káńtà ni kẹ́ ẹ máa bọ̀, sà."

Ohùn náà dùn mọ́ akọ̀wé nínú kó tó rántí pé ó yẹ kí ojú ti òun. Oníjígí mú un jókòó, ó ń fi dígí ìdánwò sí i lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èyí ńkọ́? Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?" Nígbà tó fi ìkarùn-ún sí i, ojú obìnrin náà là kedere níwájú rẹ̀, pẹ̀lú èéjì àti àmì pẹ́ńsùlù lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Èyí sàn," ni akọ̀wé wí.

"Ẹ ò tíì wo lẹ́tà tó wà lára ògiri."

"Mo ní èyí sàn."

Oníjígí rẹ́rìn-ín, ó kọ rìsíìtì fún un. Orúkọ tó kọ sísàlẹ̀ ni Averil, ó sì ya ìràwọ̀ kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé tẹjú mọ́ ọn. Ọdún kejìlá rèé tó ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìjọba, orúkọ yìí kò sì gba abẹ́ bírò rẹ̀ kọjá rí. Síbẹ̀ ó dá a lójú pé òun ti rí i níbì kan. Ọkàn rẹ̀ dàrú, kò sì mọ̀ bóyá orúkọ ló dà á rú ni tàbí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

"Kí ni ìtumọ̀ orúkọ yín?"

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó sọ fún mi o. Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní gọ́ọ̀mù àwọn ń gbẹ. Káfíńtà ni wọ́n."

"Ìràwọ̀ yìí ńkọ́?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé ìbí mi nìyẹn. Tíṣà nà mí títí nítorí ẹ̀, mi ò yọ ọ́."

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí akọ̀wé fi padà wá, ó ní awò náà ń fún òun létí. Awò kò fún un níbì kankan. Ó yọ bébà kan lápò, ó ka ohun tó rí. Ìwé kan ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni Averil, pé inú ọ̀rọ̀ méjì ló ti wá, ìmàdò àti ogun. Ìwé kejì ní kò rí bẹ́ẹ̀, oṣù kẹrin ọdún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé kẹta ní ó ṣeé ṣe kí àwọn èèyàn ti da orúkọ méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Lónìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ín pàápàá kì í sábà sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Nínú ìwé tiwa ńkọ́?"

"Ọgọ́ta ọdún ni mo yẹ̀ wò. Ẹyọ kan ló wà níbẹ̀. Ìwọ ni."

Bó ṣe bọ́ sí "ìwọ" nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. "Ṣé ìmàdò ogun wá ni mí?" ni oníjígí bi í. "Kó o ṣọ́ra o, ìmàdò léyín."

"Mo ti rí i. Ó tiẹ̀ tún dá èéjì sí i."

Láàárín oṣù méjì, awò tí kò ṣe nǹkan kan ń gba àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Akọ̀wé fẹ́ràn oníjígí débi pé ó ń kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ lódìlódì níbi iṣẹ́. Oníjígí náà fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ òun kò jẹ́ kó hàn tó bẹ́ẹ̀, àfi pé kò wọ aṣọ mìíràn mọ́ ju aláwọ̀ ọsàn lọ.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni oníjígí mú akọ̀wé lọ kí bàbá rẹ̀. Ọlọ́yàyà ni káfíńtà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lòun nìkan ti ń tọ́ ọmọ yìí. Okùn oníkókó ló fi ń wọn igi, kì í lo rúlà. Awò ojú mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ti ṣe fún un wà nínú dúrọ́ọ̀, kò lò wọ́n rí; ìgbàkígbà tí ọmọ náà bá gbé ìwé fún un pé kó kà á, á ní ojú ń dun òun. Ó gba akọ̀wé tọwọ́tẹsẹ̀, ó ń bá a ṣàwàdà.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe, ọmọ mi?"

"Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni mo wà, sà. Orúkọ ọmọ yín gan-an ló mú mi…"

Bàbá gbé ife omi sílẹ̀. "Dìde," ló wí. "Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún akọ̀wé. Kí n má rí ẹ nínú ilé yìí mọ́."

Oníjígí sunkún dé ìta. "Bàbá mi ò lé ẹnikẹ́ni rí! Ajá tó jí ẹran wa lọ́jọ́sí, omi ni wọ́n fún un. Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá."

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá gbà, mi ò lè bá ẹ lọ. Àwọn nìkan ni mo ní."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, akọ̀wé ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ṣé ìjókòó òun ni? Ṣé bí òun ṣe kí wọn ni? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ, kò sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, wọ́n fẹ́ kun ọ́fíìsì lọ́dà. Ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù ni akọ̀wé ti fa férémù onídígí kan jáde. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti kọ nǹkan kún láti fi han àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe kọ tiwọn. Ní àyè orúkọ ọmọ, Averil ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ kékeré lẹ́yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, ìràwọ̀ kan náà tún wà, wọ́n sì kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: Àpẹẹrẹ ni. Orúkọ yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

"Háà, ó ṣì wà níbẹ̀!" ni ọ̀gá wọn wí, obìnrin tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. "Ọjọ́ tó o kọ́kọ́ débí ni wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lókè káńtà. Èmi ni mo wá orúkọ yẹn nígbà náà. Wọ́n ní kí n mú èyí tẹ́nikẹ́ni ò jẹ́, kí ẹnì kan má baà wá bá wa jà pé a gbé ọmọ òun kọ́ ògiri."

Akọ̀wé jókòó. Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà, awò inú dúrọ́ọ̀, okùn oníkókó, ojú tó ń dun bàbá. Àánú bàbá náà ṣe é.

Kò lọ sọ́dọ̀ oníjígí. Ó tọrọ férémù náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó fi bébà wé e, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Bí bàbá ṣe tú u, ó wá ibi jókòó.

"O ti sọ fún un?"

"Rárá, sà."

"Kí ló dé? Ṣebí ohun tó ò ń wá nìyí."

"Tí mo bá sọ ọ́, á dà bíi pé mo tà yín lọ́pọ̀ kí n lè fẹ́ ọmọ yín. Tiyín ni. Ẹ lè fi dáná tó bá wù yín."

Bàbá fọwọ́ pa etí férémù náà. "Igi gidi ni wọ́n fi ṣe é," ló wí. Lẹ́yìn náà ló dé fìlà rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ apá, ó ní kí akọ̀wé jẹ́ kí àwọn máa lọ.

Oníjígí ń nu dígí nígbà tí wọ́n wọlé. Ó wo bàbá, ó wo akọ̀wé, ó tún wo bàbá.

"Ọmọ mi, ojú mi ò ṣe nǹkan kan," ni bàbá wí. "Mi ò mọ̀wé ni."

Ó gbé férémù lé orí káńtà. "Ìyá rẹ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ náà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí n kọ ọ́ bíi tòkè yẹn. Mo ní orúkọ kan lọ́kàn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, ojú ń tì mí. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ògiri ọ́fíìsì lèmi wò. Mo ní ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sínú dígí, tí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò ó, ẹni ńlá ni. Mo ní kí ọmọ tèmi náà jẹ́ ẹ. Mo yà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mi ò fi nǹkan kan sílẹ̀."

"Títí kan ìràwọ̀," ni oníjígí wí wẹ́rẹ́.

"Títí kan ìràwọ̀. Ìgbà tó o pé ọmọ ọdún méje ni ẹnì kan wá ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ sí mi létí ní ọ́fíìsì yẹn pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Mo wá rí i pé orúkọ òfìfo ni mo fún ẹ. Nígbà tí ọmọkùnrin yìí dárúkọ ọ́fíìsì yẹn, ẹ̀rù bà mí pé wàá gbọ́, wàá sì fojú ẹ̀gbin wò mí. Dárí jì mí."

Oníjígí kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni tàbí kí òun rẹ́rìn-ín, ló bá ṣe méjèèjì pọ̀. "Awò mẹ́ta ni mo ṣe fún yín, bàbá! Mẹ́ta!" Ó bọ́ sí iwájú káńtà, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀ tọrùntọrùn. "Ẹni ńlá lẹ ní lọ́kàn. Ìtumọ̀ ẹ̀ nìyẹn. Mi ò wá òmíràn mọ́."

Akọ̀wé ti ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá pè é padà. "Níbo lò ń lọ? Ṣebí o lọ́rọ̀ lẹ́nu."

Ó lọ́rọ̀ lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ gbogbo èyí tó ti tò sílẹ̀ ló sá lọ. "Ẹyọ kan ló wà nínú ìwé wa," ló wí fún oníjígí. "Jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹyọ kan yẹn bá mi gbélé."

"Ìmàdò gbọ́," ni oníjígí wí, ó ń nu ojú. "Ó gbà."

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi múra. Láwọn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ ìyàwó àti bàbá ìyàwó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Akọ̀wé ń kọ́ bàbá ní lẹ́tà, bàbá ń kọ́ akọ̀wé bí wọ́n ṣe ń rẹ́ igi kó gún. Bàbá ló kọ́kọ́ mọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ló wà ní káńtà ọ́fíìsì akọ̀wé. Bàbá fi ọ̀kan nínú awò mẹ́ta náà sójú, nítorí lẹ́tà tó ń kọ́ ti jẹ́ kó mọ̀ pé ojú òun nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sí àyè bàbá ìyàwó. Àpẹẹrẹ tuntun wà lókè, kò gbójú sókè wò ó.

Oníjígí kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìràwọ̀ yìí? A kì í fi àmì sínú orúkọ."

"Ó wà nínú orúkọ ẹ̀," ni káfíńtà wí. "Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo ojú bàbá, ó gbé òǹtẹ̀, ó sì fi lu ìwé náà.