Ọjọ́ Tí Tessa Gba Ọ̀nà Ẹ̀bùrú

"Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ méjìlélógún ni kí o fi sí táyà ẹ̀yìn alùpùpù náà méjèèjì, Tessa. Má wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ o, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Ní ti ṣọ́ọ̀kì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ ta, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló ń fẹ́, pọ́ǹpù ọwọ́ nìkan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí Bàbá àgbà Orval máa sọ ọ́, pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. Tessa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kàn mi orí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Rhonda, ìyá rẹ̀, nínú yìnyín oṣù kìíní, kò sí ohun tó ń dùn ún, kò sì sí ohun tó ń dùn mọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́.

Nínú oṣù karùn-ún ọdọọdún, ẹgbẹ́ alùpùpù ìlú wọn ní Nebraska máa ń gun ẹ̀rọ lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n á pe orúkọ ẹni tó kú lọ́dún náà, ẹbí rẹ̀ á sì lu agogo lẹ́ẹ̀kan. Màmá àgbà Verna ló fẹ́ lu ti Rhonda, ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àmọ́ ó ní alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Rhonda fi ń gbé òun kiri ni òun yóò gùn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi gbọ́dọ̀ rọ̀ bí ìrọ̀rí.

Pọ́ǹpù ọwọ́ kò yá. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ilé epo yá. Tessa ka mẹ́rìnlélógójì lára táyà, ó sì fẹ́ ẹ débẹ̀. Ó ki ẹnu ẹ̀rọ kan náà bọ ṣọ́ọ̀kì. Nǹkan ṣe fúù nínú rẹ̀ bí ohun tó já. Ó gbọ́, kò kà á sí.

"Pọ́ǹpù ọwọ́ lo lò?" Bàbá àgbà bi í.

"Òun ni, Bàbá àgbà."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá àgbà gbé Màmá àgbà sẹ́yìn alùpùpù náà, Tessa sì ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wọn. Bí alùpùpù ṣe gun ojú irin rélùwéè, ó ta gìdì bí òkúta, Màmá àgbà figbe ta, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ti lọ jìnnà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko, ó pẹ́ kó tó lè dìde wọ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé itẹ́ òkú, àlejò kan tí kò mọ Rhonda rí ti bá wọn lu agogo náà.

Bàbá àgbà ti rí òróró tó ń kán lára ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó sì wo Tessa.

"Èmi ni," Tessa wí. "Ẹ̀rọ ilé epo ni mo lò. Mo sì purọ́ fún yín."

"Kí ló dé?" Màmá àgbà bi í.

"N kò mọ̀. Kò sí nǹkan tó ń dùn mí mọ́, Màmá àgbà. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan."

Màmá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí ara tìẹ bá ti kú, ọmọ mi, tèmi ò tíì kú."

Tessa kò lè sunkún. Ó ń tijú ṣá, ìtìjú náà sì ni ohun àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára láti oṣù kìíní. Ó wá yé e pé iṣẹ́ tí a bá ṣe láìfi ọkàn sí, ara ẹlòmíràn ni í jẹ ìyà rẹ̀, àti pé ìbànújẹ́ ẹni kò sọ irọ́ di òtítọ́.