Ẹyẹ Tó Wà Lókè Àwòrán

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Rédíò, fáànù, fóònù, áyọ́ọ̀nù, kò sí èyí tí kì í gbà. Bí ẹ̀rọ tó ti kú bá tan lọ́wọ́ rẹ̀, á pariwo pé, "Ó ti jí!" Bí àdúgbò ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ó-ti-jí nìyẹn. Ó sì ní òfin kan tí kì í yẹ̀: ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àfi tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan gbé awò ojú kan wá. Ó jọ awò ìkàwé lásán, àmọ́ apá kan rẹ̀ nípọn, gíláàsì kékeré kan sì kọjú sí ẹyinjú òsì.

"Kò gba iná mọ́," ni oníbàárà náà wí. "Tó bá ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ̀ bá rí àwòrán níwájú yín gbangba." Ó fi í sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó-ti-jí pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, ó tàn án, ó gbé e sójú. Ni ariwo bá ta.

"Ó ti jí! Ìyàwó mi, sáré wá wo nǹkan!"

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá ẹ̀gbẹ́ ló ti ń ránṣọ. Ó fi sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó wọlé. "Kí ló tún jí lónìí?"

"Gbé e sójú. Kì í bunijẹ."

Obìnrin náà gbé e sójú. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá nǹkan tó máa dì mú.

"Ẹja! Bàbá àwọn ọmọ, odò wà lórí tábìlì yín, ẹja sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀! Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i? Ojú rẹ ni awò wà."

Ó yọ awò náà, tábìlì di tábìlì lásán. Ó gbé e padà, odò dé. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. "Ibo gan-an wá ni àwòrán yìí wà? Kò sí lára gíláàsì, kò sì sí lórí tábìlì. Kí ẹ tún wá wo ẹyẹ pupa tó bà sórí igi lókè yẹn!"

"Ẹyẹ wo?"

"Lókè, lápá ọ̀tún."

Ó-ti-jí gba awò náà, ó wò ó títí. Ó rí odò, ó rí ẹja lápá òsì nísàlẹ̀, ó rí ìdí igi. Lókè lápá ọ̀tún, kùrukùru lásán ló wà níbẹ̀.

"Igun yẹn ti kú," ló wí. "Àrùn ṣì wà lára ẹ̀rọ yìí. Mo máa tú u."

"Èmi ṣáà rí ẹyẹ."

"O ò wò ó dáadáa ni. Èmi ni mo mọ ẹ̀rọ."

"Ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀rọ lóòótọ́. Èmi náà sì mọ ẹyẹ."

Ó ti mú sukudíráfà nígbà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, ọsibítù ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rán fún un ló wá gbé. Ojú rẹ̀ bọ́ sára ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibi tó nípọn lára awò náà.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tú ibí yìí."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìtànṣán. Òun ló ń ya àwòrán tí ẹ ń rí."

"Ó ń yà á síbo?" ni télọ̀ bèèrè. "Mo ti ń wá a láti ẹ̀ẹ̀kan."

"Sínú ojú yín, Àǹtí mi. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ló ń gba ihò dúdú àárín ẹyinjú wọlé, ó ń ya àwòrán sára awọ tó wà lẹ́yìn ojú. Awọ yẹn la fi ń ríran. Ìwọ̀nba ni wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ náà mọ. Àmọ́ tí Bùọ̀dá bá tú u, tí wọ́n wá yọjú sí i, ó lè jó awọ yẹn. Ìyẹn ò sì ní jí o."

Ó-ti-jí fi sukudíráfà sílẹ̀ wéré. Nọ́ọ̀sì gbé awò náà sójú. "Ẹyẹ pupa kan wà lókè."

"Ẹ̀yin méjèèjì ti gbìmọ̀ pọ̀," ni Ó-ti-jí wí. Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín.

"Bùọ̀dá, tí rédíò ò bá sọ̀rọ̀, tí ẹ ò mọ̀ bóyá òun ló bàjẹ́ tàbí wáyà iná, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa yí nǹkan kan padà. Tí àìsàn yẹn bá bá a lọ, mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, òun náà ronú. Ó dorí awò náà kodò, ó dì í mú síwájú ojú òsì kan náà. Odò lọ sókè, igi wá sísàlẹ̀.

"Ẹyẹ náà rèé!" ló kígbe. "Pupa ni lóòótọ́!" Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀. "Ẹja dà? Ẹja ló yẹ kó wà lókè lápá ọ̀tún báyìí."

Ó gbé awò náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Àwòrán yí, igun yẹn ò yí. Ojú mi ni."

"Àmọ́ mo ń ríran!" ló tún wí. "Wáyà tó tín-ín-rín bí irun, mo ń rí i!"

"Àárín ojú lẹ fi ń rí ìyẹn," ni nọ́ọ̀sì dáhùn. "Àìsàn kan wà tó ń jẹ́ glọkómà. Ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, kì í sábà dunni, ojú kejì á sì máa bò ó láṣìírí. Mi ò sọ pé òun ni o. Awò yìí ò sì lè sọ ọ́. Dókítà ojú ló máa mọ̀."

Ẹ̀rù ba Ó-ti-jí gan-an. "Tí mo bá fọ́jú, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe?" Síbẹ̀, ó ní kí àwọn jẹ́ kí òun kọ́kọ́ parí iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jiyàn. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ní ó di ọsibítù.

Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, glọkómà náà ni. "Dókítà, ṣé igun yẹn ò ní jí mọ́?" ni Ó-ti-jí bèèrè.

"Kò ní jí mọ́," ni dókítà wí. "Èyí tó kù la fẹ́ dáàbò bò. Ẹ máa kán oògùn yìí lójoojúmọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò yín yẹ̀. Ká ní ẹ ti tètè wá ni, ibi tó lọ yìí ì bá má tó báyìí. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ jọ bí, torí àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí."

Ẹ̀yin èèyàn wa, àràárọ̀ ni ọkùnrin yìí ń dán mítà rẹ̀ wò kó tó fi wọn iná. Ojú tó fi ń wo mítà náà ni kò dán wò rí. Ẹ má tú awò tó ń tan àwòrán sínú ojú, ẹ má sì sọ ọ́ di dókítà yín. Àkọsẹ̀bá ni bí awò yìí ṣe jẹ́ kó mọ̀. Bí ẹ bá ti lé lógójì ọdún, tàbí tí glọkómà bá ti ṣe ẹnì kan rí nínú ẹbí yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, kódà bí nǹkan kan ò dùn yín.

Ẹ má sọ pé ẹ̀ ń rí gbogbo nǹkan. Òun náà rò pé gbogbo rẹ̀ lòun ń rí.