Sẹ́fà Méjì Tó Jọ Jọba

Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nọ́ọ̀sì kan wọ ilé bàbá àgbàlagbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ tán. Ìyàwó bàbá ń ká aṣọ lórí àga.

"Ẹ kú ilé o, Mà. Abẹ́rẹ́ àárọ̀ bàbá ni mo wá gún."

"Àárọ̀ wo? Ẹnìkejì rẹ ti gún un láago méje. Ojú mi ló ṣe."

"Fóònù mi ní wọn ò tíì gún un o, Mà."

"Ṣé fóònù rẹ ló ń bá a sun yàrá kan náà ni, àbí èmi?"

Nọ́ọ̀sì wo ìyá, ó wo fóònù, ó sì dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpótí. Ká ní ó gún un ni, ṣúgà ara bàbá ìbá já wálẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí bàbá má jí mọ́.

Ó pe ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ náà pe ẹni tó ni ìkànnì tí wọ́n ń lò.

Ẹni náà ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ṣe fún ọdún mẹ́sàn-án kí òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló ń lo ìkànnì wọn. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pín ìwé, tí wọ́n sì ń kọ iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe sílẹ̀ kí ẹlòmíì lè rí i. Àbúrò yìí ló ṣe é látòkè délẹ̀. Tó bá ti parí nǹkan, á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ó tán!" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-tán nìyẹn.

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì wá àbúrò rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ti gún irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un.

"Ṣebí o ní sẹ́fà méjì la ní? O ní bí ọ̀kan bá kú, èkejì á máa bá iṣẹ́ lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Ìyẹn gan-an ló ń dà mí láàmú."

Wọ́n wọ yàrá tí sẹ́fà méjèèjì wà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí gbogbo àkọsílẹ̀ ń gbé inú wọn. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n wà. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ti yọ díẹ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀.

Wọ́n pe àǹtí wọn, àbúrò ìyá wọn, tó fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tọ́jú ẹ̀rọ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù kó tó fẹ̀yìn tì. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé:

"Ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì?"

"Ti òsì ni, Àǹtí. Ti ọ̀tún kàn ń da ohun tó bá kọ kọ ni."

"Nígbà tí okùn wá yọ ńkọ́?"

Ó-tán fa okùn náà sókè kí Àǹtí lè rí i.

"Jẹ́ n sọ fún ọ. Ti ọ̀tún dẹtí títí, kò gbọ́ ohùn ọ̀gá mọ́. Ó ní ọ̀gá ti kú, ó gorí àga. Ti òsì wà láàyè, kò mọ̀ pé wọ́n ti jogún òun. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sọ́dọ̀ ti òsì, èkejì lọ ka ti ọ̀tún."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú máa lo ẹyọ kan nígbà náà."

"Kó kú lọ́la, kí nọ́ọ̀sì má rí nǹkan kan kà?" Àǹtí yíjú sí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì. "Ìwọ ni kó o dáhùn èyí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ìṣẹ́jú mélòó làwọn oníbàárà yín lè fara dà? Àkọsílẹ̀ wo ló lè sọnù tí ẹnikẹ́ni ò ní fara pa?"

"Àwàdà táwọn òṣìṣẹ́ ń bá ara wọn ṣe lè sọnù. Àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ sọnù, ì báà jẹ́ ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú kan la lè dúró."

"Ẹ̀rọ mẹ́ta lẹ nílò nìyẹn, nínú ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí iná tàbí omi kan ṣoṣo má bàa kó gbogbo wọn lọ. Èyí tí kò bá gbọ́ ohùn ọ̀kankan nínú àwọn méjì yòókù, kó pa ẹnu ara rẹ̀ dé. Méjì tó bá ríra ló máa yan ọ̀gá. Kí wọ́n má sì sọ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn ti kọ nǹkan sílẹ̀ àfi tí méjì bá ti kọ ọ́."

"Ìyẹn ò ní mú un falẹ̀, Àǹtí?"

"Díẹ̀. Ó sàn kó falẹ̀ ju kó purọ́ lọ."

"Tá a bá ti ní mẹ́ta," Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì béèrè, "ṣé a tún nílò ẹ̀dà tá à ń fi pamọ́?"

"Gan-an ni. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí ọ̀kan, àwọn yòókù á pa á rẹ́ tẹ̀lé e. Ọmọ tó gbọ́ràn ni wọ́n. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí wọn ò ti lè fọwọ́ kàn án."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n dá ìkànnì dúró, wọ́n sì fi àkọsílẹ̀ méjèèjì wé ara wọn ní ìlà-ìlà, wọ́n wá kó wọn pọ̀ sórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n á máa lò títí mẹ́ta yóò fi pé. Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ pe gbogbo oníbàárà, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì fi epo bọ iyọ̀. Méjì fi wọ́n sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú bàbá yẹn wà nínú wọn. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò bá wọn jà.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró. Ó-tán pàtẹ́wọ́.

"Kò tíì tán," Àǹtí wí. "Yọ okùn iná ọ̀gá."

Wọ́n sọ fún àwọn oníbàárà ṣáájú, wọ́n sì yọ ọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Ìkànnì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Àwọn ẹ̀rọ méjì yòókù ti yan ọ̀gá tuntun tipẹ́, ṣùgbọ́n ètò kọ̀ǹpútà tí Ó-tán kọ ṣì ń wá ọ̀gá àtijọ́ kiri.

"Òkú lò ń bá sọ̀rọ̀," Àǹtí sọ fún un.

Ó tún un ṣe. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré ló gbà. Nígbà ìdánwò kẹta, ọ̀gá ilé iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wá jókòó tì wọ́n. Ó kọ nǹkan sórí fóònù kan, wọ́n yọ okùn, ó sì ka ohun tó kọ lórí fóònù mìíràn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ méjì sàn ju ọ̀kan lọ ṣáá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù, kẹ́ ẹ tó yan ẹ̀rọ. Ẹ lo mẹ́ta, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹ̀dà tẹ́ ẹ fi pamọ́ sì dá dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ìkànnì ẹlòmíì, ẹ bi onítọ̀hún léèrè ọjọ́ tó dán an wò kẹ́yìn. Bó bá ní òun ò tíì dán an wò rí, ẹ sọ fún un pé ara èèyàn ni yóò ti dán an wò.