Kì Í Ṣe Obì Ló Kun Eyín Sàfúrátù

Bí ẹnikẹ́ni bá pa Sàfúrátù lẹ́rìn-ín ní ìsọ̀ obì ìyá rẹ̀ ní Mákùn, etí gèlè ni yóò kọ́kọ́ fi bo ẹnu. Eyín iwájú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìlà aláwọ̀ eérú sì gba àárín wọn kọjá.

"Ọmọ olóbì!" Àlímì tó ń bá wọn di apẹ̀rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Má jẹ obì ìyá ẹ tán o! Ṣẹ́ díẹ̀ kù fún oníbàárà!"

Ohun tó ń dun Sàfúrátù ni pé kì í jẹ obì rárá. Ó ti fi orín rin eyín títí erìgì fi ṣẹ̀jẹ̀, ó ti fi èédú ra á, pàbó ló já sí.

Ìgbéyàwó òun àti Yúnúsà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù fótò. Nígbà tí ọkùnrin kan ní gáréèjì fi omi inú ìgò hàn án, tó ní, "Fi òwú ra á. Tó bá ti ń hó, ìdọ̀tí ló ń jáde yẹn," ó rà á.

Kò tíì lò ó tí Àjọkẹ́, ìyá rẹ̀, fi rí ìgò náà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Kí lèyí tó ń ta mí nímú báyìí?"

"Omi eyín ni, Màmá."

"Omi eyín kẹ̀? Dìde, ilé ìwòsàn yá!"

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àjọkẹ́ ra ẹyin sísè, ó jẹ ẹ́, ó sì di èèpo rẹ̀ mọ́wọ́ títí ó fi kàn wọ́n. Dókítà Adétóun, oníṣègùn eyín, gbóòórùn ìgò náà.

"Màmá, ẹ fún mi ní èèpo yẹn." Ó kán omi náà sí ẹyọ kan. Èèpo hó yaya.

"Ìdọ̀tí wo ló wà lára èèpo ẹyin?" ó bi Sàfúrátù. "Ásíìdì ni. Bó ṣe máa jẹ eyín rẹ nìyẹn, eyín àgbà kì í sì í hù padà."

Ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò. "Obì kọ́ ló ṣe èyí. Àwọ̀ obì kì í wọnú, fífọ̀ ló ń fọ̀ kúrò. Inú eyín lèyí ti wá. Màmá, oògùn wo lẹ máa ń fún un ní kékeré bí ara rẹ̀ bá gbóná?"

"Kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn náà ni. Mo ń tú u sínú ẹ̀kọ mímu. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é." 

"Tẹtirasáíkílìn nìyẹn," Dókítà wí. "Bí ọmọ bá ń lò ó nígbà tí eyín àgbà rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú erìgì, á kun eyín náà láti inú."

Àjọkẹ́ kígbe: "Yéè! Èmi ni mo kun ọmọ mi léyín!"

"Ẹ kò mọ̀ ni, Màmá. Àìmọ̀ yẹn ló ní láti tán."

Sàfúrátù gbójú sókè. "Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà, Dókítà?"

"Ó wà. A lè ṣe ìbòrí pèlébé bí èèpo ẹyin yìí, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú eyín. Fíníà ni wọ́n ń pè é. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ ha díẹ̀ kúrò lára eyín, èyí tí wọ́n bá sì ha kò ní padà mọ́. Ìbòrí náà kì í wà títí ayé, ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá pààrọ̀ rẹ̀. O kò sì gbọdọ̀ fi í ṣí ìgò tàbí kí o fi í fọ́ egungun."

"Ṣé eyín mi ń ṣàìsàn ni?"

"Rárá o! Ó le koko. Erìgì rẹ la ó tọ́jú ná. Ìbòrí yẹn, torí ẹwà ni. Bí o kò bá ṣe é, kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́."

Sàfúrátù mí kanlẹ̀. Láti kékeré ló ti rò pé òun dọ̀tí.

"Ẹ jẹ́ ká wo erìgì sàn," ó ní. "Ìbòrí á dúró dìgbà tí mo bá ṣègbéyàwó tán."

Nígbà tó padà sí Mákùn, Àlímì tún ké: "Ọmọ olóbì!"

Ó bú sẹ́rìn-ín láìfa gèlè. "Èmi kì í jẹ obì, Àlímì. Lọ wo tìẹ nínú dígí!"

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n fi ìbòrí sí eyín iwájú rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì dára. Síbẹ̀, fótò ìgbéyàwó tí wọ́n yà ṣáájú ló gbé kọ́ sí pálọ̀. Ẹ̀rín ló ń rín nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sí lẹ́nu.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má tú kápúsù tẹtirasáíkílìn sínú ẹ̀kọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Kí àwọn aboyún pẹ̀lú má lò ó bí dókítà kò bá ní kí wọ́n lò ó. Ẹni tí eyín rẹ̀ bá yí àwọ̀ padà, kó kọ́kọ́ bi oníṣègùn eyín ní ohun tó fà á, kó tó máa wá ìbòrí. Ẹ yàgò fún omi inú ìgò onígáréèjì: eyín tó pọ́n tó le koko sàn ju eyín funfun tí ásíìdì ti jẹ.